Balógun Lórí Bẹ́ǹṣì: Keshi, Yobo àti Ife Ẹ̀yẹ Ọdún 2013

Ó kù bíńtín kí rẹfirí fọn fèrè ìparí ní pápá Soccer City, ní Johannesburg, lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì ọdún 2013, nígbà tí wọ́n gbé pátákó oníná sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Nọ́ńbà 2 ló fẹ́ wọlé. Ayò kan sí òdo la fi ń na Burkina Faso nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀, gbogbo wa tá a há mọ́ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, sì ti ń fi ìṣẹ́jú tó kù ka eyín. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ògiri. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sórí kéèsì bíà níwájú mi fò dìde.

"Yobo kẹ̀? Ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù láti ọjọ́ yìí? Ṣé àkókò eré rèé?"

Bàbá kan tó fẹ̀yìn ti ògiri, tí kò tíì sọ̀rọ̀ kan látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, dá a lóhùn wẹ́rẹ́. "Jókòó jàre. Ta lo fẹ́ kó gbé ife náà?"

"Bàbá, ẹ má bínú o, ayò kan la ń ṣọ́, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ife."

"Ẹni tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀ yẹn ti gbé e rí. Ó mọ ohun tó ń ṣe."

Keshi, akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ Nàìjíríà, ni bàbá náà ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí. Bí àwọn èèyàn bá ń ròyìn ife ọdún 2013, bọ́ọ̀lù tí Sunday Mba gbá wọlé ni wọ́n máa ń sọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ya èmi lẹ́nu jù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni bí ó ṣe mú balógun ikọ̀ kúrò lórí pápá tí ilé kò sì dàrú.

Bí ilé ṣe rí kó tó dé

Oṣù kẹwàá ọdún 2011 ni Guinea wá gbá ọ̀mì ayò méjì sí méjì pẹ̀lú wa l'Abuja, tí Nàìjíríà kò fi rí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ti ọdún 2012 lọ. Samson Siasia, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Lóṣù kọkànlá, wọ́n gbé iṣẹ́ fún Stephen Keshi, ẹni tí wọ́n ń pè ní Big Boss. Kì í ṣe àjèjì. Òun ni balógun ikọ̀ tó gba ife náà ní Tunisia lọ́dún 1994, ó ti mú Togo yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2006, ó sì ti darí Mali.

Ohun tó bá nílẹ̀ ni ikọ̀ tí orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ wọn lọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, ẹni tó bá rántí bí a ṣe ṣe níbi Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní South Africa lọ́dún 2010 kò ní bá mi jiyàn. Keshi kò fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ó lọ kó àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilé jọ, ó ń dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ó ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ pẹ̀lú wọn, ó sì ń wo ta ni ẹ̀rù kì í bà. Liberia bá wa ta ọ̀mì méjì sí méjì ní Monrovia. Nígbà tí wọ́n wá sí Calabar lóṣù kẹwàá 2012, ayò mẹ́fà sí ẹyọ kan la fi dá wọn padà sílé.

Àfi ìgbà tí orúkọ àwọn mẹ́tàlélógún tó ń lọ sí South Africa jáde lóṣù kìíní 2013. Osaze Odemwingie kò sí níbẹ̀. Obafemi Martins kò sí níbẹ̀. Táyé Táíwò kò sí níbẹ̀. Odemwingie bọ́ sórí Twitter, ó sọ ohun tó ń dùn ún láìfi bò. Àwọn wo ló wá wà níbẹ̀? Godfrey Oboabona, ọmọ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Ẹni tó bá ń lọ wo bọ́ọ̀lù l'Àkúrẹ́ ti mọ̀ ọ́n kí Drogba tó mọ̀ ọ́n. Azubuike Egwuekwe wá láti Warri Wolves, inú líìgì ilé náà ni aṣọ́lé Chigozie Agbim ti wá. Sunday Mba náà wà níbẹ̀, ẹni tí Warri Wolves àti Enugu Rangers ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ pé tàwọn ni. Ẹni tí wọ́n ń jà sí nílé, ẹnìkan ò mọ̀ ọ́n lẹ́yìn odi.

Inú àwọn tó ń gbọ́ eré ìdárayá lórí rédíò ò dùn rárá. Mo rántí pé láwọn ọjọ́ yẹn, tí o bá wọ mícrà láti Dùgbẹ̀, kí o tó dé Bódìjà, wọ́n ti lé Keshi kúrò níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ tí Yobo jókòó

Kí n sọ ta ni Joseph Yobo kí ọ̀rọ̀ tó yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2001 ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ọdún ní Everton kó tó lọ sí Fenerbahçe ní Turkey. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ tó ń lọ yìí ni ìkẹfà rẹ̀. Nínú àwọn tó ti lọ, ipò kẹta ni Nàìjíríà ń gbà ṣáá: 2002, 2004, 2006, 2010. Bàbà lórí bàbà. Ọkùnrin náà ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó sì mọ̀ pé bóyá ni òun tún máa rí ìdíje mìíràn lẹ́yìn èyí. Òun ni balógun.

A bẹ̀rẹ̀ ní Nelspruit lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù kìíní. Emenike ti gbá ọ̀kan wọlé, wọ́n ti fún Efe Ambrose ní káàdì pupa, a ṣì ń rọ́ ọ, àfi bí Alain Traoré ti Burkina Faso ṣe dá a padà nígbà tí àkókò ti parí tán. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Zambia tó ni ife náà lọ́wọ́: Mikel gbá pẹ́nárítì sófo, Emenike tún fi wá síwájú, aṣọ́lé wọn gan-an, Kennedy Mweene, ló wá gbá pẹ́nárítì ẹgbẹ́ tirẹ̀ wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀kan sí ọ̀kan lẹ́ẹ̀kejì. Aṣọ́lé ló dá wa padà! Orí pẹ́nárítì méjì tí Victor Moses gbá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìparí la fi bọ́ lọ́wọ́ Ethiopia ní Rustenburg.

Láàárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yí. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kìíní, Yobo kò bẹ̀rẹ̀ eré mọ́. Àwọn tí Keshi fi síbẹ̀ ni Oboabona, ọmọ ọdún 22, àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19. Mọ́kàndínlógún. Ọmọ tó jẹ́ pé bí ó bá wà láàárín wa, a ó ní kó lọ ra omi tútù wá.

Ẹ rò ó wò. Ikọ̀ kò tíì jáwé olúborí. Gbogbo ilé ń pariwo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bá wà nípò yẹn, ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n máa sá lọ bá kó wá dúró síwájú, kí wọ́n lè sọ pé, bó bá bàjẹ́, àgbà ló bà á jẹ́. Keshi fi ọmọdé méjì síbẹ̀, ó ní kí wọ́n máa gbá a lọ.

Ohun tó tún wá ṣe lẹ́yìn náà ni mo ń pè ní iṣẹ́. Kò gba oyè balógun lọ́wọ́ Yobo. Lóòótọ́, ẹlòmíràn ló ń so àmì balógun mọ́ apá lórí pápá, ṣùgbọ́n Yobo ṣì ni balógun ikọ̀. Keshi gba àyè, kò gba oyè. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tá a mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí. Bí wọ́n bá ti mú iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ èèyàn, wọ́n á tún gba àga, wọ́n á ní kó wá máa jókòó sọ́nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n á sì máa ṣe hàà pé inú ẹ̀ ò dùn sí iṣẹ́ mọ́.

Yobo náà gbìyànjú. Àgbà tí wọ́n mú lọ sẹ́yìn lè ba ibùdó jẹ́ láìlanu: kó máa wojú, kó máa kọ oúnjẹ, kí àwọn ọmọdé máa yà fún un lọ́nà bí ẹni tó rí ọlọ́pàá. A kò gbọ́ irú ẹ̀ láti ibùdó Nàìjíríà ní gbogbo ìdíje yẹn. Ikọ̀ tó kó ara wọn jọ báyìí kì í ṣe ti akọ́nimọ̀ọ́gbá nìkan. Ẹni tó jókòó náà gbà láti jókòó.

Rustenburg

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì, Côte d'Ivoire. Drogba, Yaya Touré, Kolo Touré, Gervinho, Tioté. Kò sí ẹni tó fún wa láǹfààní kankan, àwa náà ò fún ara wa. Keshi sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn tó wáyé ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí ikọ̀ yóò fi padà sílé, àti pé ọ̀rọ̀ náà dùn òun wọra. Ẹ wo ara yín bí ẹ ṣe ń se ìrẹsì àlejò, tí ẹni tó ni ilé ń kó àwo jọ.

Iṣẹ́jú kẹtàlélógójì, Emenike gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún fírìkíìkì, ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kan lẹ́yìn mi fi ní, "Kó rọra pín in jàre." Kò pín in. Ó fi gbogbo itan gbá a, àwọ̀n mì. Tioté fi orí dá a padà lẹ́yìn ìsinmi. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gọ́rin ni Mba gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó sáré, ó tún sáré, kò sẹ́ni tó dí i lọ́nà torí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ó ta á, ẹsẹ̀ Sol Bamba gbé bọ́ọ̀lù náà lójú ọ̀nà, ó yí po lókè, ó kọjá lórí aṣọ́lé. Méjì sí ọ̀kan.

Gbogbo àsìkò yẹn, ọmọ Àkúrẹ́ àti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ń bá Drogba dìmú. Drogba ò gbá ọ̀kankan wọlé.

Mali tẹ̀lé e ní Durban. Ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gùn ún, ìgbà tí ìsinmi fi dé, ó ti tán. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé Emenike fara pa, tó jẹ́ pé kò ní lè gbá àṣekágbá. Keshi kò pariwo lórí ìyẹn náà, Ikechukwu Uche ló fi dípò rẹ̀.

Alẹ́ Soccer City

Ogójì ìṣẹ́jú. Moses ta bọ́ọ̀lù, ó kọlu ẹsẹ̀ ẹnìkan, ó fò padà síwájú Mba. Ní kété tí bọ́ọ̀lù náà ṣe ń bọ̀ lójú òfúrufú, Mba fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ̀n ọ́n kọjá lórí ọmọ Burkina Faso tó súré wá, kó tó jábọ́ ó ti fi ẹsẹ̀ òsì gbá a. Ìgbà méjì péré ló fọwọ́ kàn án, tàbí kí n sọ pé ó fẹsẹ̀ kàn án. Àwọ̀n. Ní Mọ́kọ́lá, wọ́n da kéèsì bíà nù, bàbá tó fẹ̀yìn ti ògiri náà kò mì.

Ẹ wá jẹ́ ká padà síbi pátákó oníná. Eré ti ń lọ sópin, ayò kan péré ló wà láàárín wa àti ìtìjú. Ìwé akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná lórí pápá ni kí o fi sílẹ̀. Keshi yí ojú padà sí bẹ́ǹṣì, ó ní kí Yobo bọ́ ẹ̀wù òtútù. Yobo wọlé, ó gba àmì balógun sí apá, ó duro sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó gba àyè rẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè. Òun ló gba ife náà lọ́wọ́ àwọn àgbà bọ́ọ̀lù Áfíríkà, tó gbé e sókè.

Bàbá ìdí ògiri ti mọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1994, nígbà tí Nàìjíríà gbá àṣekágbá pẹ̀lú Zambia ní Tunis, tí Amunike gbá bọ́ọ̀lù méjì wọlé, balógun ikọ̀ kò sí nínú àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré. Augustine Eguavoen ló darí wọn lórí pápá. Balógun náà ni Stephen Keshi. Síbẹ̀, Keshi ni Westerhof, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìgbà náà, àti àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹlẹgbẹ́ Keshi jẹ́ kó gbé ife náà. Àwòrán rẹ̀ ṣì wà káàkiri. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń pe Yobo dìde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì rí ní alẹ́ tó ṣe pàtàkì jù láyé rẹ̀, tí wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un, kì í gbàgbé bí igi bẹ́ǹṣì ṣe rí lábẹ́ ìdí.

Kì í sì í ṣe pé a bí ọgbọ́n yìí mọ́ ọn. Lọ́dún 2006, níbi Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní Egypt, Togo ló ń darí. Emmanuel Adebayor, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó re Lomé, ti gbá bọ́ọ̀lù mọ́kànlá wọlé kí Togo tó yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Keshi mú un jókòó ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ìjà wọn bọ́ sí gbangba, gbogbo ibùdó gbọ́. Togo pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó dé, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Keshi, Otto Pfister ló mú ikọ̀ tí Keshi kọ́ lọ sí Jámánì. Irú ìjókòó kan náà ni, ti Adebayor àti ti Yobo. Ti Egypt, oyè àti àyè ló gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ọmọ tó mọ̀ pé òun ló gbé ilé ró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀

Keshi ni èèyàn kejì tó gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, lẹ́yìn Mahmoud El-Gohary ti Egypt. Lọ́jọ́ kejì àṣekágbá, dípò ijó, ó sọ lórí rédíò kan ní South Africa pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò tíì tán nínú rẹ̀. Bọ́lájí Abdullahi, ọmọ Ìlọrin tó jẹ́ mínísítà eré ìdárayá nígbà náà, bá a sọ̀rọ̀, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì sí i, ó ti padà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń fún ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní oyè rẹ̀ kò rí ẹni tó fún òun náà ní tirẹ̀ títí tí inú fi bí i.

Kì í ṣe ẹni mímọ́. Ikechukwu Uche tó bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá yẹn kò bá a rẹ́ mọ́, kò sì bá wọn dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Brazil lọ́dún 2014, bẹ́ẹ̀ ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Spain. Yobo fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó gbé ife, nǹkan bí ọdún kan ni wọn kò fi pè é. Ìyẹn dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dun èmi náà. Ọlá alẹ́ kan kò sọ pé àyè ti padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí. Odemwingie tó fi ìbínú sọ̀rọ̀ lórí Twitter lọ́dún 2013, Keshi pè é padà, òun ló sì gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tá a fi na Bosnia ní Cuiabá, tá a fi kọjá sí ìpele kejì. Wọ́n pe Yobo náà padà.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà 2014, ní Curitiba, Nàìjíríà ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Iran. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí Oboabona, ọmọ Sunshine Stars tó gba àyè ọ̀gá rẹ̀ ní Nelspruit, fara pa, tó ń tiro jáde. Wọ́n gbé pátákó sókè. Nọ́ńbà 2 ló fẹ́ wọlé.